Apá Tí Kò Gòkè

Bí Darkim bá ń jẹun, orí ló ń gbé wá bá ọwọ́, kì í ṣe ọwọ́ ló ń gbé lọ bá ẹnu. Á fi ìka ọ̀tún bu ìrẹsì, á fi ìgúnpá ti ìhà, á wá tẹ orí ba bí adìyẹ tó ń mumi. Wartini, ìyàwó rẹ̀, dúró nídìí ààrò, ó ń ro omi àgbọn nínú agbada, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ó ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní gbọ̀ngán abúlé, nígbà tí ìrẹsì inú oko ṣì wà ní tútù. Wọ́n ti kórè ìrẹsì náà, wọ́n tún ti gbin òmíràn. Apá ọkọ rẹ̀ kò tíì gòkè.

Ohun tó ń jẹ Wartini lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gún òun àti ọkọ òun, nọ́ọ̀sì kan náà ló gún wọn, inú ìgò kan náà ló ti fa tàwọn méjèèjì. Tirẹ̀ ro ó díẹ̀, ó sì lọ. Kí ló wá dé tí ti Darkim kò lọ?

Ṣúgà pupa ni ilé náà ń sè jẹun. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọkùnrin ilé gbọ́dọ̀ gun igi àgbọn, kó fi dòjé bẹ́ ọrùn òdòdó rẹ̀, kó já agbè ọparun tó ti kún, kó so òfìfo rọ́pò. Bí wọ́n bá fi omi náà sílẹ̀ títí ó pẹ́, á kan, á di ẹmu, kò ní ṣeé sè mọ́. Bí wọ́n bá sì pa igi tì, òdòdó á gbẹ, igi á sé. Bàbá Darkim, tí gbogbo ilé ń pè ní Rama, ti fi igi gígùn sílẹ̀ kí Wartini tó wọlé ọkọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ní báyìí òun náà ló tún ń gùn. Àwọn igi kúkúrú ni agbára rẹ̀ ká. Agbada tó máa ń hó kún dé etí tẹ́lẹ̀ kò hó kọjá ìdajì mọ́.

Rama wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sọ àwọn agbè rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga ọparun, ó ń mí fù-fù. Darkim dìde, ó bu tíì sínú ife, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi nà án.

Rama wo ife náà. Kò gbà á.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Rama, ẹ má bínú. Ọ̀tún kò dé ọ̀dọ̀ yín ni."

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n ní kò tó pẹpẹ. Ti àgbàlagbà wo wá nìyí? Ó dé inú àwo ìrẹsì. Ó dé orí alùpùpù. Igi àgbọn nìkan ni kò dé."

"Ọwọ́ alùpùpù kò ga ju àyà lọ, Rama. Ohun tó bá ti ga ju àyà lọ ni…"

"Èmi náà gba abẹ́rẹ́ yẹn. Ìyàwó rẹ gbà á. Gbogbo abúlé ló gbà á. Ta ló tún ń wọ́ apá nílẹ̀ kiri bí adìyẹ tí ajá bù jẹ?"

Darkim gbé ife náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó yíjú sí ààrò. Ó dájú pé ó ń retí kí Wartini sọ nǹkan kan, ó kéré tán kó sọ pé òun ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ lóru. Wartini ń ro agbada lọ. Orógùn rẹ̀ ń ha ìsàlẹ̀ agbada, ha, ha, ha.

"Gbọ́ mi dáadáa," Rama ní. "Mi ò lè máa gun igi kí ọmọ mi máa gun bẹ́ẹ̀dì. Bí oòrùn òní bá wọ̀ tí o kò gun ẹyọ kan, kí o wá ilé mìíràn tí wọ́n á ti máa bu ìrẹsì fún ọ."

Ó dìde, ó lọ na ẹ̀yìn. Tíì náà tutù síbi tó wà.

Nígbà tó di àwọn méjì nìkan, Wartini sọ̀rọ̀ láì wo ẹ̀yìn.

"Kí ni Bu Retnani, nọ́ọ̀sì tó gún wa, tilẹ̀ ní nígbà tí ẹ lọ bá a?"

"Ṣebí mo ti sọ fún ọ. Ó ní irora abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn. Ó ní kí n lo oògùn ìrora, kí n má máa rò ó."

"Kí ẹ má máa rò ó."

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Baba tó ń fọwọ́ ra ènìyàn ńkọ́?"

"Ìyẹn fa apá náà títí mo fi ké. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn mọ́. O mọ gbogbo èyí, Wartini. Kí lo tún ń bi mí fún?"

Wartini fi igi iná kún ààrò. Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ń kérora lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, ǹjẹ́ kò lè kérora?

Oòrùn kò tíì gbóná nígbà tí Yu Tursinah yọjú láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ju Wartini lọ lọ́jọ́ orí, òun ló fi ń pè é ní Yu, ẹ̀gbọ́n; ilé rẹ̀ ló tẹ̀lé tiwọn. Iyọ̀ ló wá tọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ kì í tán nílé rẹ̀. Ó jókòó sórí ìdì igi ìdáná, ó na ọrùn wo yàrá, ó rí i pé Darkim kò sí nítòsí.

"Ṣé ara ọkọ rẹ ti yá?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀, Yu."

"Hùn-ún. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni kò dáa. Èmi ò bá wọn gbà á. Èmi náà gbà á, mo ṣì ń lọ ata." Ó fi ìka bu ṣúgà tó gbẹ mọ́ etí agbada, ó fi sẹ́nu. "Mi ò sọ nǹkan kan o, Wartini. Ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lánàá, mo ń já ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé Kasminah."

Kasminah ni opó tó ń gbé nísàlẹ̀ odò, lẹ́yìn igbó ọparun.

"Ẹ ń já ewé ẹ̀gẹ́," Wartini ní.

"Mo rí ọkọ rẹ. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Níjẹta náà, mo rí i. Lásìkò tí Rama bá ti lọ sídìí igi ìrọ̀lẹ́ báyìí ni."

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Ṣé èmi lo ń bi? Apá tí kò gòkè fún igi, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó ń gòkè fún ènìyàn." Ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó dìde. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, àbúrò mi, ó ju èje lọ."

Nígbà tó lọ tán, Wartini rí i pé kò mú iyọ̀ náà.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ Wartini ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó da ṣúgà gbígbóná sínú èèpo àgbọn kó lè dì, ó da díẹ̀ sílẹ̀. Ó din ẹja gbígbẹ, ó jóná. Ó rántí pé Kasminah kì í sábà kí òun lójú ọ̀nà mọ́, pé ó máa ń tẹrí ba. Tẹ́lẹ̀, ó rò pé ọ̀fọ̀ ọkọ ló ń dà á láàmú. Ó rántí pé ọ̀sán kan wà tí Darkim padà wálé pẹ̀lú ẹ̀wù tó tutù fún òógùn, tó ní òun kàn rìn ni. Bí ó ṣe ń rántí ọ̀kan ni òmíràn ń tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Darkim wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ ọn. Wartini dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìbẹ́pẹ dúdú kan wà lórí pẹpẹ níbẹ̀. Kò jọ pé òun ló mú un. Ọwọ́ rẹ̀ kàn bá a ni.

"Kang," ó pè é, bó ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀.

Bí Darkim ṣe yíjú, ó ju ìbẹ́pẹ náà sí i, ní ìhà ọ̀tún, ní ọ̀gangan ojú.

Apá ọ̀tún náà fò sókè fúnra rẹ̀, bí apá ṣe máa ń ṣe kí ẹni tó ni ín tó ronú. Ó dé ọ̀gangan etí, ó há síbẹ̀, ó sì já wálẹ̀ bí okùn tó já. Ìbẹ́pẹ náà bà á láyà, ó yí lọ sínú koríko. Darkim kò ké. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, ojú rẹ̀ funfun bí eérú, ó sì ń fa èémí díẹ̀díẹ̀ bí obìnrin tó ń rọbí. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ó wo ìbẹ́pẹ náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ó tó," ó ní, "àbí kí o tún ju òmíràn?"

"Mo rò pé ẹ ti ń wò mí."

"Ìwọ lo ń wò mí. Ó ti pẹ́ tí o ti ń wò mí."

Ó dìde pẹ̀lú ìṣòro, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ. Ìbínú rẹ̀ ìbá sàn fún Wartini ju ìyẹn lọ.

Ojú rẹ̀ ti rí i pé ìrora náà kì í ṣe irọ́. Kò sí ẹni tó lè pe òógùn báyẹn jáde lára nípá. Ṣùgbọ́n ìfura dà bí èèrà inú ṣúgà: bí o bá lé e níhìn-ín, á gba ọ̀hún wọlé. Ó dáa, apá ń dùn ún. Kí ló wá ń wá nílé Kasminah?

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Rama gbé àwọn agbè òfìfo kọ́ èjìká, ó fi dòjé sí ìbàdí, ó jáde láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. Darkim jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà odò.

Wartini fa igi iná yọ kúrò lábẹ́ agbada. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò tíì ki, ó mọ̀ pé á kan. Ó fi í sílẹ̀, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀.

Láti àárín ọparun, ó rí ẹ̀yìnkùlé opó náà kedere. Kasminah jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ọgbà. Darkim kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kò dúró. Igi àgbọn kúkúrú kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíga kan, àwọn méjèèjì wà lára igi tí ilé Rama ń bẹ́. Darkim bọ́ bàtà sídìí kúkúrú náà. Ó fi apá òsì gbá igi mọ́ra, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ojú ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, ó ń tì í gòkè lára igi. Ó dé àyà. Ó tì í. Ó dé ọrùn. Wartini gbọ́ bó ṣe ń payín keke. Ọwọ́ náà tú, Darkim fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì.

Ó dìde, ó tún un ṣe. Ara igi náà ti bó ní ọ̀gangan àyà, ó ń dán. Lókè ibẹ̀, kò sí àpá kankan.

"Ó tó lónìí, Darkim," Kasminah ní, kò wẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i, Yu."

"Ojoojúmọ́ lo ń sọ bẹ́ẹ̀. Àná, ẹkún lo sun nídìí igi náà. Orí igi gíga yìí ni ọkọ mi ti já. N kò fẹ́ rí òmíràn. Èéṣe tí o kò fi í han àwọn ará ilé rẹ?"

"Kí n fi kí ni hàn wọ́n? Pé mo ń gbìyànjú, n kò sì lè ṣe é? Wọ́n á ní eré ni mo ń ṣe."

"Darkim."

Ohùn náà kò ti ẹnu ọ̀nà wá. Òkè ló ti wá. Gbogbo wọn wòkè. Rama wà lórí igi gíga náà, láàárín imọ̀, ó gbá ọrùn igi mọ́ra. Bóyá ìbínú òwúrọ̀ ló gbé e dé orí igi tí kò gùn láti ọdún mélòó kan. Kò sí ohun tí kò rí, kò sì sí ohun tí kò gbọ́.

"Rama, ẹ sọ̀kalẹ̀," Darkim ní.

"Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ràn mọ́." Bàbá náà gbá igi mọ́ra sí i. "Ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ràn. Mi ò fẹ́ pariwo."

Wọ́n wá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ewé orí igi ń mì. Kasminah ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré lọ pe àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n oko ni wọ́n wà, oko sì jìnnà. Darkim fò mọ́ igi náà. Ojú ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti já a sílẹ̀. Ó tún fò mọ́ ọn, ó tún já. Ní ìgbà tó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wartini ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe nínú ọparun.

Ọmọ agungi lòun náà. Ó gun igi bàbá rẹ̀ títí tí ìyá rẹ̀ fi nà án ní ọjọ́ tí ó rí i pé ó ti ń yọ ọmú. Ó ká ìró sókè, ó ṣẹ́ ẹ mọ́ ìbàdí, ó já okùn kànga Kasminah, ó fi kọ́ ọrùn.

"Má wo ìsàlẹ̀," Darkim ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó balẹ̀, bí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ara rẹ̀. "Sún mọ́ igi, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì. Ó wà lókè díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó kàn ti jẹrà, fò ó."

Ó fò ó. Atẹ́gùn ń mi igi náà. Nígbà tó dé abẹ́ ẹsẹ̀ Rama, ó na okùn yí igi àti ìbàdí bàbá náà ká, ó so ó, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó gbé e sínú ojú ìtẹ̀sẹ̀. Èyí tí kò di mú ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"O rí bó ṣe ń ti apá náà?" Rama bi í, jẹ́jẹ́.

"Mo rí i, Rama."

"Èmi náà rí i."

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kan ilẹ̀. Èrò ti pé nígbà náà. Yu Tursinah wà níwájú, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun kò rí i rí kí obìnrin gun àgbọn, pé ó ní ohun tó ń fà á. Kasminah wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ o, Yu," ó ní. Obìnrin náà wá ibòmíràn dúró sí.

Bu Retnani, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí abúlé náà, gun alùpùpù wá sílé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fọ ojú ọgbẹ́ orúnkún Rama, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó ga, ó ní kó má gun ohunkóhun mọ́. Wọ́n gbé tíì ka iwájú rẹ̀. Ó ń palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́ nígbà tí Wartini sọ̀rọ̀.

"Bu, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ. Ọ̀rọ̀ apá Kang Darkim."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Mo ti bá a sọ ọ́. Gbogbo ènìyàn ni apá dùn. Bó bá ń rò ó ní gbogbo ìgbà…"

"Ẹ fi ìka yín síbi tí ẹ ti gún mi."

"Kí nìdí?"

"Ẹ ṣáà fi síbẹ̀, Bu."

Bu Retnani na ọwọ́, ó fi ìka sí agbede apá Wartini, níbi tí ẹran ti nípọn. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibẹ̀.

"Kang," Wartini ní, "ẹ fi ìka tiyín síbi tí wọ́n ti gún yín."

Ìka òsì Darkim gòkè lára apá ọ̀tún rẹ̀. Ó dé agbede. Kò dúró. Ó ń lọ sókè, ó kọjá ẹran, ó dé etí egungun èjìká, níbi tí kòtò kékeré wà lábẹ́ awọ, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọmọńlé kan ń ké lára àjà. Bu Retnani sún mọ́ ọn, ó mú ìka Darkim kúrò, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Darkim fa apá sẹ́yìn, ó kérora. Nọ́ọ̀sì náà ká ọwọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan agbada gbígbóná.

"Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Ó fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ dípò kó bọ́ ọ. Òun jókòó, èmi wà lórí ìdúró…" Ó gbọ́ ohun tó ń sọ, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Oògùn yẹn kò ní àbùkù. Ibi tí mo gún ni. Ó ti ga jù, ó jọ pé abẹ́rẹ́ náà wọ inú oríkèé. Nígbà tó wá bá mi, ó yẹ kí n ní kó bọ́ ẹ̀wù kí n wò ó. N kò wò ó."

"Ṣé yóò san?" Wartini bi í.

"Dókítà egungun wà nílùú. Wọ́n á máa fi apá náà ṣe eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀. Ó lè san tán. Ó lè ṣẹ́ku díẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó mú un lọ lọ́la, n ó sì sọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀."

Wọn kò bá a jà, wọn kò sì sọ fún un pé kò burú. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí ọ̀kan nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Kò fẹnu kan tíì náà.

Wartini lọ sídìí ààrò. Omi àgbọn tó fi sílẹ̀ ti ń yọ ìfófò, ó ti kan. Ó gbé agbada náà kalẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò dà á sí. Darkim jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Wartini fẹ́ pè é.

"Lọ́la," Rama ní láti orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí.

Àwọn méjèèjì dúró kí wọ́n gbọ́ ẹni tí yóò ní kó gun igi.

"Lọ́la, ẹ jẹ́ kí àwọn igi sinmi."

Láti ìgbà tí Wartini ti wọ ilé náà, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n gun igi kí wọ́n tó lọ kírun. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá Darkim, Rama fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ náà gùn ún kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Darkim yíjú padà, ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti kọjú sí ògiri.